Ẹ ka ọkọ̀ kí ẹ tó kọ́ ilé ìtajà

Olóòtú,

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn aláṣẹ létí. Wọ́n tún fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàngótẹ̀dó níbí. A ò kọ ọjà, a ò kọ iṣẹ́. Àmọ́ ta ló ti ṣírò iye ọkọ̀ tó máa gbé wá?

Bó bá jẹ́ àárọ̀ Túsìdeè nìkan ni wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n ṣì í kà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé lèrò ń ya lu ọjà. Ìṣirò iye ọkọ̀ tí wọ́n ń yá lò láti Amẹ́ríkà gbà pé oníbàárà á wa ọkọ̀ wọlé, á páàkì. Níbí ńkọ́? Dáńfó á dúró sẹ́nu géètì, kọ́ńdọ́ á máa pe èrò, kẹ̀kẹ́ Màrúwá á tò sẹ́yìn rẹ̀, ìyá alágbàdo á gbé ààrò kalẹ̀. Títì fífẹ̀ ti di tóóró nìyẹn, tírélà tó ń ti èbúté Lẹ́kí bọ̀ sì wà lẹ́yìn.

Jímọ̀ tó kọjá, wákàtí méjì ni mo lò láti Ajá délé. Ọmọ mi sùn lọ nínú ọkọ̀ tòun ti aṣọ iléèwé.

Kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé ìkọ́lé náà, kí onílé kọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ibùdókọ̀ nínú ọgbà rẹ̀.

Olùgbé Ṣàngótẹ̀dó, Èkó