Èsì ohùn tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́

Montreuil, lẹ́bàá Páríìsì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ má bínú pé n kò fi ohùn dá yín lóhùn bí ẹ ṣe fi ohùn bú mi. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹkún ń dà á rú, mo sì mọ̀ pé Màmá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Lẹ́tà yìí, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á. Ẹ ṣáà sọ fún Màmá pé ara mi le, pé mò ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó. Mo fi 100 yúrò ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, 65,595 sefa ni. Ẹ mú 60,000 lọ fún ìyá alájọ, fún oṣù mẹ́ta tí Màmá jẹ sẹ́yìn. Kó kọ ọ́ sínú ìwé níwájú yín, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú ìwé náà fún mi. Kì í ṣe pé n kò fọkàn tán yín. Ìyókù, ẹ fi ra epo àti ọṣẹ fún Màmá. N kò gbàgbé pé torí kó lè san ìyókù gbèsè ìrìnàjò mi ló ṣe kó àjọ yẹn lọ́dún tó kọjá.

Ẹ ní, “Ọlọ́run tó ní kó o fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣé òun ló máa wá san àjọ Màmá?” Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Ó dùn mí, torí n kò ní èsì kankan lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ni mo dá padà fún ẹni tó ni ín, iṣẹ́ sì bá orúkọ lọ. Ẹ mọ̀ pé n kò níwèé ìgbélùú. Ọdún méjì ni mo fi ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe pẹ̀lú káàdì obìnrin kan tó jẹ́ pé iwájú orí nìkan la fi jọra. Owó oṣù mi ń wọ àpò rẹ̀ ní báńkì, á yọ 150 yúrò kó tó fún mi ní ìyókù. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lórí òógùn mi, òun ló ni ín. Tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àfi kí ẹnì kan gbá mi léjìká kí n tó rántí pé èmi ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí kò níwèé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ rántí ohun tí Bàbá máa ń sọ nípa 1886, pé ebi ti wọ Kétu kí ọmọ ogun Dànhòmẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi lọ́jọ́ tí mo gba káàdì náà. Mo ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá, mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ yàrá kan, ọrùn ọwọ́ mi wú bí búrẹ́dì tó mu omi. Wọ́n ní kí n lọ sílé ìwòsàn, kí n sọ pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Orúkọ wo ni kí n dá fún dókítà? Mo fi aṣọ di í, mo sì parí yàrá mẹ́jọ tó kù.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé Ṣadraki pàápàá, Hananiah ló ń jẹ́ nílé, pé orúkọ Bábílónì ló fi ṣiṣẹ́ ọba, Ọlọ́run kò sì bá a wí. Ẹ mọ Bíbélì jù mí lọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ yẹn sì gbé mi ró títí ọdún fi parí. Ṣùgbọ́n olórí àwọn ìwẹ̀fà ọba ló sọ Hananiah lórúkọ. Kò sí Ṣadraki mìíràn tó jókòó sílé tó ń gbowó oṣù rẹ̀. Àti pé nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dé iwájú iná, wọn kò sọ pé dandan ni kí Ọlọ́run yọ àwọn. Wọ́n ní ó lè yọ àwọn, pé bí kò bá tilẹ̀ yọ àwọn, àwọn kò ní forí balẹ̀ fún ère. “Bí kò bá tilẹ̀ yọ wá” yẹn ni mo máa ń fò kọjá tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kìíní mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ orúkọ mi fún un. Ìwé kan wà tí ọ̀gá lè kọ níbí, pé èmi àti ẹni tó fi orúkọ lágbájá ṣiṣẹ́, ẹnì kan náà ni. Èèyàn lè fi í kún ẹ̀rí tó bá ń tọrọ àyè ìgbélùú. Òun ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Ó ní òun kò mọ̀ mí rí, kí n má wá lọ́la. Owó ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn wọ àpò obìnrin yẹn, títí dòní kò gbé fóònù mi. Ta ló wá sọ fún yín pé mò ń kówó jọ ra ilẹ̀ ní Kútọnu?

Iná náà jó mi o, n kò ní purọ́ fún yín. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé èmi ni mo kọ̀ tí n kò forí balẹ̀, Màmá ló wà nínú iná. Ṣadraki kò ní ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá Akaba Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, tí ìyá alájọ ń yọ sí lójú àwọn oníbàárà. Bóyá ó tiẹ̀ ní. Bíbélì kò sọ.

Mo wá ka Àwọn Ọba Kejì orí kẹrin. Ọkọ opó yẹn bẹ̀rù Olúwa, ibẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ inú gbèsè ló kú sí, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣẹrú. Èlíṣà kò sọ fún un pé kó gbàgbé gbèsè, kó ṣáà nígbàgbọ́. Nígbà tí òróró kún àwọn ìkòkò tán, ó ní kó lọ tà á, kó san gbèsè, kí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù. Gbèsè ló ṣáájú oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí 60,000 yẹn fi ṣáájú owó ibi tí mò ń sùn. Ẹni tí mo ń gbé pálọ̀ rẹ̀ ti fún mi dòpin oṣù.

Irun ni mò ń dì báyìí, lọ́jọ́ Sátidé, àti Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè mí. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń ro mí tí òtútù bá mú, ẹ má sọ fún Màmá. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá ìgbéraga ni mo pè ní ìgbọràn, pé ẹni tó ní ìyá bíi tiwa kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀rí ọkàn tó wọ́n tó báyìí. Mo gbàdúrà lé e. N kò gbọ́ ohùn kankan. Mo ṣáà mọ̀ pé n kò lè padà lọ gba káàdì yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. 180,000 tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kejìlá, ẹ ní owó páànù ni. Ọmọ yín sọ fún mi lórí fóònù pé báàfù ni Màmá ń gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. N kò bá yín jà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, páànù mélòó lẹ rà? Ẹ yà á sí fọ́tò pẹ̀lú ìwé àjọ.

Àbúrò yín ni