Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ ìdí tí òfin pínpín fi rí bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Ẹyin ni mò ń tà, mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́wàá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò táwọn ọmọ wa ń kọ́ ní pámárì ti ń dùn mí tipẹ́, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá ká mi lára débi tí mo fi ní àfi kí n kọ̀wé sí yín.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní pámárì 5 gbé asáímẹ́ǹtì wálé, wọ́n ní kó sọ bóyá 471 ṣeé pín sí 3 láìṣẹ́kù. Kíá ló ti ro 4, 7 àti 1 pọ̀, ó di 12, ó ní 12 ṣeé pín sí 3, torí náà 471 náà ṣeé pín. Ó gbà á. Mo wá bi í pé kí ló fà á tí ríro wọn pọ̀ fi ń sọ òótọ́ fún wa, ó ní tíṣà ní káwọn ṣáà ti kírámù ẹ̀, pé ẹni tó béèrè ní kíláàsì, ṣe ni wọ́n ní kó jókòó. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ tó béèrè ìdí nǹkan ló fẹ́ mọ̀wé.

Mo bá kó owó ọjà sórí tábìlì, ọgọ́rùn-ún náírà ẹyọ mẹ́rin, náírà mẹ́wàá ẹyọ méje, a wá fi èkùrọ́ kan ṣe náírà kan torí náírà kan ò sí níta mọ́. Mo ní kó pín ọgọ́rùn-ún kan fún èèyàn mẹ́ta. Ó ní kálukú á gba 33, á ku náírà kan. Ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ńkọ́? Á ku mẹ́rin. Mẹ́wàá kan ńkọ́? Kálukú á gba mẹ́ta, á ku kan, nítorí náà ti mẹ́wàá méje á ku méje, èkùrọ́ kan sì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹjú mọ́ tábìlì, kò sọ̀rọ̀, àfi bó ṣe pariwo lójijì, "Màámi, 4, 7, 1 yẹn náà ló ṣẹ́kù!" Ó di 12, kálukú tún gba mẹ́rin, ó tán. Bí òfin pínpín sí 9 náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó kan òfin pínpín sí 4, òun ló ń ṣàlàyé fún mi, ó ní ọgọ́rùn-ún kan, èèyàn mẹ́rin á gba 25, 25, kọ́bọ̀ ò ní ṣẹ́kù, ìyẹn ló fà á tá a fi ń wo nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nìkan.

Fákítọ̀ 30, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń pín 30 láìṣẹ́kù, ò ju kíréètì ẹyin lọ, ìlà márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá ń rà á ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí márùn-ún márùn-ún, kò ní ṣẹ́kù, ẹni tó bá ń rà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, á ku méjì sínú ẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi tajà mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò ṣáà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè ní fákítọ̀.

LCM, ìyẹn ìlọ́po tó kéré jù tí nọ́ńbà méjì jọ ní, ńkọ́? Ọjà tí mo ti ń ra àgbàdo adìẹ, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Àwa Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn ló ṣe ń jẹ́ ọrún, tá a bá bẹ̀rẹ̀ látọ̀la, ọjọ́ mẹ́rin ni. Tó bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì ni màá wà, ọjọ́ 28 ló tún máa tó bọ́ sí Sọ́ńdè, torí ibẹ̀ ni ìlọ́po 4 àti ìlọ́po 7 ti kọ́kọ́ pàdé. Ìyá mi ò mọ̀wé rárá, ó mọ èyí lórí, á ní ọjà tó bá pàdé Sọ́ńdè, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Kódà ìlọ́po wà nínú orúkọ nọ́ńbà wa, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin, ogóje ni ogún méje. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì ní 1970, ìṣirò sì wà níbẹ̀, kí ló wá dé tá a tún padà sórí kírámù?

Ẹ̀yin olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fún ìṣirò kan ṣoṣo láyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lójú ewé àwọn ọmọdé, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí ẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lórí òfin pínpín sí 7 tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n á ní kí ọmọ mú 3 tó gbẹ̀yìn 343, kó sọ ọ́ di 6, kó yọ ọ́ lára 34, ó ku 28, 28 ṣeé pín sí 7, torí náà 343 náà ṣeé pín. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé 21 ló ń yọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn 63, lára 343, ó ku 280, ìyẹn 28 lọ́nà mẹ́wàá, ìlọ́po 7 sì ni 21, torí náà yíyọ ẹ̀ ò ba pínpín sí 7 jẹ́.

Èmi ni,
Ìyá ẹlẹ́yin, Ìbàdàn.