Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Gboyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi l'Abẹ́òkúta,

Mo kí yín o. Púpọ̀ nínú yín ló máa ń kó orúkọ fásitì rẹpẹtẹ wá bá mi, pé kí n bá yín ṣa èyí tó dára jù. Tí mo bá wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ lọ wádìí, ẹ ó ní, "Ohun tí wọ́n bá fún mi náà ni, sà." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, márùn-ún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìbéèrè ẹlòmíràn ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn. Kò dìgbà tó bá jìnnà. Ẹ lọ dúró ti àwọn aláró ní Ìtòkú. Aṣọ á jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì di dúdú mìnìjọ̀ lójú yín. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń pa aṣọ láró tẹ́lẹ̀. Kọ́sítíìkì sódà ti wọ̀ ọ́ báyìí. Níbo ni omi tí wọ́n dà nù ń gbà? Kí ló ń ṣe ilẹ̀ tó gbà kọjá, àti awọ ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà? Ẹni tó ka kẹ́mísírì, ẹni tó ka ìlera, ẹni tó ka ìtàn, kálukú á rí tiẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n ti kọ lórí rẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Àwọn orúkọ tó bá ń yọjú léraléra, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ni kí ẹ wá lọ. Ẹ kọ̀wé ṣókí sí wọn, kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn tí ẹ kà. Ẹ kọ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn pẹ̀lú; àwọn ló mọ̀ bóyá ọ̀gá náà máa ń ka iṣẹ́ tí wọ́n fún un.

Ìlú ò jọra. Ní Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà yín ni ẹ sábà máa kọ́kọ́ wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ fásitì fẹ́ rí àbá ìwádìí yín kí wọ́n tó gbà yín. Amẹ́ríkà máa ń fún yín ní kíláàsì ṣáájú, wọ́n sì lè gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ oko ni tiyín, ẹ má fojú tín-ín-rín wo FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa tó wà ní Alábàtà.

Bí wọ́n bá ti gbà yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé owó ìrànwọ́ tí wọ́n bá fún yín: ọdún mélòó ló máa gbé yín, ṣé ìtọ́jú ìlera wà nínú rẹ̀, ṣé owó oúnjẹ á ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ilé? Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i.