Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù o

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú déédé ìwòyí. Àwọn tó fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù tàbí físà láàárín wa, ẹ má tíì sáré lọ sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀wé sí ń béèrè torí sáìsì wọn ò dọ́gba. Amẹ́ríkà ń gba íǹṣì 2 sí 2, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba mìlímítà 35 sí 45, tẹ́ ẹ bá mú ìkan lọ fún ìkejì wọ́n á dá a padà ni.

Èyí tí ò náni lówó: ẹ kọjú sí wíńdò lọ́sàn-án, kí ògiri aláwọ̀ kan ṣoṣo tí ò dúdú wà lẹ́yìn yín (funfun ni ti Amẹ́ríkà), kí ẹlòmíì fi fóònù yà yín, kì í ṣe sẹ́lífì o, sẹ́lífì máa ń sọ imú èèyàn di ńlá bí ẹni tí oyin ta. Ẹ má fara ti ògiri yẹn, ẹ sún síwájú díẹ̀, torí òjìji etí mi ni wọ́n fi dá tèmi padà lọ́jọ́sí, mo sì ti sanwó gidi! Ẹ bọ́ gíláàsì, ẹ panu dé, ẹ má fi fílítà kankan tún ojú ṣe.

Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, mẹ́fà ló máa gba orí pépà fọ́tò íǹṣì 4 sí 6 kan ṣoṣo, owó fọ́tò lásán lẹ máa san.

Ẹni tó bá ti ya tiẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wò ó kó tó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde.