Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ wúrà fún àgbẹ̀ lédè tó gbọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní orí wúrà làwa Ìjẹ̀ṣà ń sùn, ebi sì ń pa wá, kí kálukú yáa gbé ṣọ́bìrì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo mọ̀ pé ìyà ló gbé e wá. Ọmọ Iléṣà ni mí, bàbá mi ń dáko kòkó lápá Òṣú, mo sì wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ jìọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá tí a lọ sórí pápá láti yẹ òkúta wò, bàbá àgbẹ̀ kan dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ó tú ọ̀rá dúdú kan. Òkúta funfun kan, bí ìkúùkù ọmọdé, ló wà nínú rẹ̀, ohun kan tó dà bí idẹ sì ń kọ mànà lára rẹ̀. “Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lábẹ́ ibùsùn mi.” Mo gbé dígí tó ń mú nǹkan tóbi sójú, ọkàn mi sì ti bàjẹ́ kí n tó la ẹnu: igun rẹ̀ gún régé bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Mo tọrọ àyè, mo fi òòlù lù ú. Ó fọ́ yángá, ó di ìyẹ̀fun dúdú, òórùn ìṣáná sì sọ lù wá. Pyrite ni, irin àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀. Wúrà kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lù ú, ńṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá ò bínú. Ó rọra ká ọ̀rá rẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ò lè wá sọ fún wa látọjọ́ yìí?”

Nínú Economic Geology, ẹ̀kọ́ nípa ohun àlùmọ́nì tó ń mówó wọlé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí òkúta tó lérè. Ẹ wo Segilola, ibi ìwakùsà wúrà ńlá tó wà nítòsí Odò-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ́ wúrà lóṣù keje ọdún 2021. Ìṣirò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé bíi gíráàmù 4 wúrà ló wà nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Tọ́ọ̀nù kan, ogún àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ ro ogún àpò òkúta tí ẹ ó wà, tí ẹ ó fọ́, tí ẹ ó lọ̀ kúnná, kí ẹ tó rí ohun tí kò ju ìwọ̀n ẹyọ ṣúgà kan lọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá lè jèrè níbẹ̀, ṣọ́bìrì ò lè ṣe é.

Ìyá àgbà mi, tí kò kàwé, ló tètè yé jù nígbà tí mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Bí igi kòkó mẹ́ta bá so nínú igbó tó jìn, ta ni yóò san owó alágbàṣe lọ ká a?” Ohun tí wọ́n fi odindi sáà kan kọ́ wa nìyẹn. Òṣómàáló làwọn bàbá wa. Wọn kì í dá ọjà láì mọ iye tó máa wọlé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa etí odò ń fi mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, wọ́n á wá fi iná lé mẹ́kúrì náà lọ. Èéfín rẹ̀ ò hàn, kò rùn, ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Nínú oko bàbá mi, kòtò mẹ́ta làwọn kan wà sílẹ̀ tí wọ́n sì lọ, igi kòkó mọ́kànlá ló bá a lọ. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì, àmọ́ òfin yẹn náà ló ní kí ẹni tó gbàwé ìwakùsà bá ìlú ṣe àdéhùn kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, kó sì sanwó ohun ọ̀gbìn tó bá bàjẹ́. Baálẹ̀ mélòó ló ti gbọ́ èyí lédè Yorùbá?

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn yunifásítì má ṣe kó akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lórí pápá láì jẹ́ ká fi ọjọ́ kan jókòó ti ará abúlé, ká sọ ohun tí a rí fún wọn. Kí ẹ̀yin náà, Olóòtú, yọ̀ǹda igun kékeré kan fún wa nínú ìwé ìròyìn yín. Mo ti kọ àkọ́kọ́ sílẹ̀: bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn táìlì, ibi tí kò dán, dá wúrà mọ̀. Ẹ fi òkúta náà ha á. Ilà wúrà á ní àwọ̀ wúrà, ti pyrite á dúdú. Bàbá yẹn ì bá ti ṣe é fúnra wọn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ jìọ́lọ́jì kan, Ilé-Ifẹ̀