Ẹ̀sùn lórí aago switch wa: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, "ọ̀la" yín ò tíì dé

Ìbàdàn, ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, 2025

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀sùn wa wà lọ́wọ́ yín, n kò ní í tún gbogbo rẹ̀ rò. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti pè yín, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án náà ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìpilẹ̀.

Ẹni tó gbé ìpè mi lọ́jọ́ Ẹtì ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Mo sọ pé aago mẹ́ta nínú switch mẹ́fà tí ẹ bá wa tò, àwọn ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà wa pọ̀, ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ó pòṣé. Ó ní, "Torí wákàtí kan ṣoṣo lo ṣe ń pariwo? Wo aago ọwọ́ ẹ." Ọmọ tí n kò mọ̀ rí ló ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Kí n tó fèsì, ó ti pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wákàtí kan ṣe fún yín. Wọ́n jí kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì wa. Àkọsílẹ̀ switch ìsàlẹ̀ ní 5:40 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yọ okùn rẹ̀. Akọ̀wé wa nìkan ló wà níbẹ̀ lásìkò yẹn, ni gbogbo ojú bá yí sí i. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó níwájú ìgbìmọ̀, tó ń fi etí ìborùn nu ojú. Ìgbà tí mo fi àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ wé ti òkè ni mo rí i pé 6:40 ni. Obìnrin náà ti délé nígbà yẹn, ó ń fún ọmọ lóúnjẹ.

Aago Lọ́ńdọ̀nù ni ẹnjiníà yín tò sórí àwọn mẹ́ta yẹn. Ní oṣù karùn-ún tó ṣe é, UTC+1 ni àwa àti Lọ́ńdọ̀nù jọ wà, ìyẹn wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé; kò sẹ́ni tó fura. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, wọ́n dá aago tiwọn padà, switch wa náà sì bá wọn dá a padà. Nàìjíríà kì í yí aago. Ẹ má sì tún sọ fún mi pé NTP, ètò tó ń fi aago ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló bàjẹ́: UTC nìkan ni NTP ń gbé wá, ọwọ́ èèyàn ló ń to aago ìlú sórí switch kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ǹ bá ti ṣe é fúnra mi, àmọ́ ẹ̀yin lẹ di ọ̀rọ̀ aṣínà mú.

Ẹlòmíràn lọ́dọ̀ yín ní kí n pa switch náà, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1970, níbi tí aago rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ló kọ sínú àkọsílẹ̀ títí ó fi rí NTP, ó sì tún padà sí aago Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣèlérí pé ẹnjiníà á dé láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ra omi sílẹ̀ dè é, mo bá ọlọ́dẹ jókòó lẹ́nu géètì títí di aago mẹ́rin. Ẹ ò pè, ẹ ò ránṣẹ́.

Ó ti sú mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù yìí, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ aṣínà switch mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì kọ ìwé àforíjì sí akọ̀wé wa ní orúkọ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní í san kọ́bọ̀ nínú owó ìtọ́jú oṣù kìíní, lẹ́tà yìí á sì dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, àti agbẹjọ́rò wa lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni,
Alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.