Ta ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun lọ̀?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi ẹ̀dùn ọkàn mi hàn lórí ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ pé ètò tuntun tí wọ́n fẹ́ fi tọ́jú omi odò Ọ̀ṣun ti parí, pé ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú, àti pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ gbogbo ará ìlú tí ó kàn. Gbogbo ará ìlú wo? Ìlú tí odò yìí gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ni mò ń gbé, n kò sì tíì rí ẹnì kan ní àdúgbò wa, láti orí baálẹ̀ títí dé orí àwọn apẹja, tí wọ́n bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo wádìí, mo gbọ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n ṣe ìpàdé. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe é, ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, inú ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ti pe ará ìlú. Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ohun gbogbo, pé ìwé ètò náà nípọn débi pé kò sí ẹni tó lè kà á tán lórí ìjókòó, àti pé ìgbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pín oúnjẹ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde. Àwọn díẹ̀ dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni ìwé kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìwé yẹn ni wọ́n wá ń pè ní ìfọwọ́sí ará ìlú báyìí. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwa wà nílé, wọ́n fá tiwa ní òtẹ́ẹ̀lì.

Kò sí olùkà ìwé ìròyìn yìí tí kò mọ ohun tó ṣe odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí wíwa góòlù ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni omi náà ti pọ́n tó sì ti ki. Àwọn awakùsà ń gbẹ́ bèbè odò àti àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú omi, àwọn mìíràn sì ń lo mẹ́kúrì, irin olómi kan tó ní májèlé, láti fi kó góòlù jọ. Mẹ́kúrì tó bá wọ inú odò kì í ṣègbé; ẹja ni yóò gbé e mì, ẹni tó bá sì jẹ ẹja náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má ṣe mu omi odò yìí mọ́, odò kan náà tó gba inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá láti òkè òkun pẹ̀lú kèǹgbè àti kẹ́ẹ̀gì láti bu omi fún ọmọ wẹ́wẹ́ àti fún ẹni tó ń wá ọmọ. Wọ́n kìlọ̀, ìkìlọ̀ náà sì dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wá pé, bí a kò bá mu èyí, kí ni a óò máa mu?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìbéèrè tí wọn kò bi wá yìí ni ìmọ̀ tí ètò wọn ṣaláìní. Apẹja kan ní àdúgbò wa, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja nínú odò yìí kí wọ́n tó bí i, sọ fún mi pé òru ni omi ẹlẹ́rẹ̀ máa ń rọ́ wá jù, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ó ní àwọn tó máa ń wá bu omi sínú ìgò fún àyẹ̀wò, ọ̀sán ganrínganrín ni wọ́n ń wá, orí afárá ni wọ́n sì ti ń bù ú nítorí pé ibẹ̀ ni mọ́tò wọn lè dé. Àwọn ìyá tó ń fọ irú ní etí odò mọ oṣù tí àwọ̀ omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, wọ́n sì mọ ìṣàn tí ìdọ̀tí náà gbà wọlé. Wọn kò bi wọ́n. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ lè fi ojú ibi tí ewéko ti ń gbẹ hàn yín. Wọn kò bi àwọn náà.

Òfin kò fi ara pamọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ń ní lórí àyíká, ti ọdún 1992, sọ ní abala 7 pé kí àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn tó ṣe ìpinnu, ó gbọ́dọ̀ fún àwọn ẹ̀ka ìjọba, ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ó kàn láàyè láti sọ èrò wọn. Bí òfin bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa kí ẹnì kan tó kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan, ṣé odindi odò ni wọn yóò wá ṣètò fún láìbi wá? Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin omi wọn ti ọdún 2000 fún ará ìlú ní oṣù mẹ́fà gbáko láti kọ èrò wọn lórí ètò odò kí ó tó di àṣẹ. Tiwa kò ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ, oúnjẹ sì gba apá kan nínú rẹ̀.

Bí èèyàn bá tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí àga, ọ̀rọ̀ a di gbà fún mi kí n gbà fún ọ. Ti ìpínlẹ̀ a ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti fi ohun àlùmọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ti àpapọ̀ a ní ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà etí odò ti rú wọn lójú.

Àbá mi kò le. Kí wọ́n gbé ìpàdé náà kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì wá sí etí odò, kí ó má sì jẹ́ ibì kan ṣoṣo. Odò yìí ṣẹ̀ wá láti Ìgèdè-Èkìtì, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo kọjá, wọ́n dí i ní Aṣejire kí Ìbàdàn lè rí omi mu, kí ó tó máa lọ sí ọ̀sà. Kí wọ́n pe ìpàdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ibi wọ̀nyí, títí kan àárín àwọn awakùsà fúnra wọn, nítorí ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn, ebi ló sì lé àwọn mìíràn débẹ̀. Kí akéde lu agogo ní ọjọ́ ọjà méjì ṣáájú, kí rédíò kéde rẹ̀, kí ìmáàmù àti àlùfáà sì sọ ọ́ fún ìjọ. Kí wọ́n kọ kókó ètò náà ní èdè Yorùbá sí ojú ewé mẹ́rin péré, kí wọ́n fi í sí ààfin, ilé ìwé àti gáréèjì, kí ẹni tó gbọ́ èdè àdúgbò sì kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé. Kí àwọn obìnrin jókòó níwájú, nítorí àwọn ló ń pọn omi. Kí akọ̀wé kọ ohun tí oníkálùkù bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n sì padà wá sí ojú ibẹ̀ kan náà lẹ́yìn oṣù kan láti sọ èyí tí wọ́n gbà, èyí tí wọn kò gbà, àti ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí owó, owó gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan yóò háyà àga àti kánópì fún wa ní ìlú mélòó kan. Kí wọ́n má tilẹ̀ pín oúnjẹ.

Ó tún yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún, kí wọ́n máa kọ èsì àyẹ̀wò omi sí ara pátákó ní etí odò lóṣooṣù, kí wọ́n sì lé àwọn tó ń wa bèbè odò kúrò.

Wọn kò tíì buwọ́ lu ètò náà. Kí wọ́n dá a dúró. Àwa ará àdúgbò yóò pèsè ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Kí àwọn náà mú ìwé wọn wá ní èdè tí a gbọ́, kí wọ́n sì mú ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.